Ẹ Má Tíì Ra Kámẹ́rà

Ẹ ní ìpàdé tí ẹ ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í lójú, pé ohùn ń gé, àwọn èèyàn ń já lu ọ̀rọ̀ ara wọn, ẹ sì ń béèrè bóyá kámẹ́rà tuntun ló kù kí ẹ rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó yín pamọ́ ná. Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí mo ti ń darí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta. Kámẹ́rà lèmi náà kọ́kọ́ náwó lé, kò sì tún nǹkan kan ṣe.

Ohùn ni ìpàdé. Bí àwòrán bá dì, èèyàn á fara dà á. Àmọ́ bó bá jẹ́ "a máa... owó... lọ́la" lẹ̀ ń gbọ́, kí lẹ fẹ́ dì mú níbẹ̀? Ohùn nìkan kì í sábà jẹ dátà tó ju 100 kilobit lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwòrán tó mọ́ kedere lè jẹ ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti ń ṣe ségesège, ẹ tètè pa àwòrán.

Kí gbogbo yín fi íápíìsì sétí. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn ara yín tó ń padà wá, kì í ṣe ẹ̀rọ yín ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ ẹlòmíì ló ń gbé e jáde, tí máìkì onítọ̀hún tún ń gbé e wọlé. Máìkì mẹ́ta ni mo pààrọ̀ kí n tó mọ̀.

Ní ti jíjá lu ọ̀rọ̀, kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́ rárá. Ohùn ló ń pẹ́ lọ́nà. Àjọ ITU, ìyẹn àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ, dámọ̀ràn pé kó má ju 150 milliseconds (nǹkan bí ìdá kan nínú méje ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ kó tó dé etí ẹnì kejì. Bó bá ti pẹ́ jùyẹn lọ dáadáa, ẹ ó rò pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti dákẹ́, ẹ ó bẹ̀rẹ̀, òun náà á bẹ̀rẹ̀. Ẹ yan ẹnì kan tí á máa fi orúkọ pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyẹn ló ṣiṣẹ́ jù.

Nígbà tí ara màmá mi ò yá, ojú wọn dì sórí fóònù mi, ẹnu wọn là sílẹ̀, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan. Mo pa àwòrán. Kò pẹ́, mo gbọ́ èémí wọn, mo gbọ́ ṣíbí tó kan kọ́ọ̀pù, wọ́n wá ní, "Ṣé o ti jẹun?"