Dùùrù Dáfídì kọ́ ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín

Ẹni tó béèrè pé "kí ni dùùrù gan-an, ṣé òun náà ni Dáfídì ń ta fún Sọ́ọ̀lù?", ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè, torí inú ti ń bí mi láti Sunday tó kọjá. Etí mi báyìí ló gbọ́ ọ, tí oníwàásù kan ní kí ìjọ wo àwọn páìpù gàgàrà tó wà lẹ́yìn kọ́yà, ó ní irú ẹ̀ ni Dáfídì gbé lọ sí ààfin. Gbé kẹ̀? Ohun tí lọ́rì kan ò lè kó tán! Nígbà tá a jáde, ọmọ kan tún ń ṣàlàyé fún èkejì ẹ̀ pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni gbogbo páìpù yẹn, pé sípíkà ló ń ké nínú ẹ̀. Mo dákẹ́ torí ilé Ọlọ́run la wà, ṣùgbọ́n ibí kì í ṣe ilé Ọlọ́run.

Orúkọ kan ni, nǹkan méjì ni. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fi dùùrù pe ohun olókùn ọwọ́ Dáfídì, èyí téèyàn lè gbé sáyà kó máa fi ìka ta á. Nígbà tí ti òyìnbó, ìyẹn organ onípáìpù, wá dé ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ yẹn náà la fún un, a tún fi pe píánò, wọ́n sì ti ń fi pe kíbọ́ọ̀dù báyìí. Kò burú. Àmọ́ Yorùbá kì í fi orúkọ nìkan mọ ohun èlò orin, ohun tí èèyàn ń ṣe sí i la fi ń mọ̀ ọ́n. À ń ta gìtá, à ń lu ìlù, à ń fọn fèrè. Dáfídì, ńṣe ló ń ta tiẹ̀. Ti ṣọ́ọ̀ṣì, à ń tẹ̀ ẹ́, ìdí nìyẹn tá a fi ń pe ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀ ní atẹdùùrù. Ẹni tó bá fẹ́ fi agídìgbo bá mi jiyàn, pé ìka là ń fi ta á síbẹ̀ òwe ní à ń lù ú, mo mọ̀, ẹ jẹ́ ká fi agídìgbo sílẹ̀ lónìí jàre.

Èrò tèmi tiẹ̀ kọjá ìyẹn o. Mo ní "tẹ̀" gan-an ò tó. Fèrè ni dùùrù onípáìpù! Ọwọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ kàn ń ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ ni, afẹ́fẹ́ ló ń kọrin. Páìpù kọ̀ọ̀kan, ohùn kan ṣoṣo ló ní, èyí tó gùn á máa kùn títí ìjókòó á fi máa gbọ̀n nídìí yín, èyí tó kéré bíi pẹ́ńsù á máa súfèé bí ẹyẹ. Tí atẹdùùrù bá fa kókó igi tí wọ́n ń pè ní sítọ́ọ̀pù yọ, odindi ìlà páìpù kan ló pè dìde yẹn. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń rí níwájú ò tó nǹkan, ní ṣọ́ọ̀ṣì míì àwọn kan nínú ẹ̀ kì í tiẹ̀ ké lóòótọ́, ọmọ yẹn fẹ́ gbà á díẹ̀, ṣùgbọ́n kó lọ wo ẹ̀yìn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ̀yìn yẹn ni mo ti jìyà ọmọdé mi. Ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà ní dùùrù kékeré kan tí kì í lo iná NEPA, ẹwìrì ló ní, ẹwìrì bíi ti alágbẹ̀dẹ, awọ tí wọ́n kàn mọ́ pákó, ọ̀pá kan sì yọ síta tí à á máa gbé sókè gbé sílẹ̀. Àwa ọmọ kọ́yà là ń fín in, bó bá rẹ ẹnì kan èkejì á gbà á. (Tẹ́ ẹ bá ń sọ pé onílé ń fínná mọ́ yín, ìdí ẹwìrì lọ̀rọ̀ yẹn ti wá, mélòó ló mọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ ọ́ lójoojúmọ́?) Okùn kan so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, òjé kékeré wà nídìí ẹ̀, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sára pákó. Bí afẹ́fẹ́ bá ń kún, òjé á máa sọ̀ kalẹ̀, tó bá ti ń gòkè kọjá ìlà, afẹ́fẹ́ ti fẹ́ tán nìyẹn. Ọjọ́ Àjíǹde kan, oorun gbé mi lọ ní ẹsẹ kẹta. Orin ò já lójijì, ńṣe ló ń wọlẹ̀, tó ń wọlẹ̀, bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lọ́rùn, gbogbo ìjọ náà sì ń bá a wọlẹ̀. Mo ti ń wá ibi tí máa sá gbà nígbà tí bàbá atẹdùùrù yọjú sí mi. Wọn ò gbá mi létí. Wọ́n ní, "Ìwọ lò ń fọn ọ́n o, èmi kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni." Ó ti lé ní 50 ọdún, mi ò tíì rí ìwé tó ṣàlàyé ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ lọ wo Kàtídírà Marina l'Ékòó. Ọmọọba Wales ló fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé tó wà níbẹ̀ báyìí lélẹ̀ lọ́dún 1925, Bagan Benjamin ló yàwòrán ẹ̀, 1946 ni wọ́n tó parí ẹ̀. Thomas Ekundayo Phillips tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì yẹn láti 1914 títí di 1962, ọdún 48! Ìwé tó kọ nípa orin Yorùbá jáde ní 1953, ohun tó dúró lé lórí ni pé ohùn ọ̀rọ̀ wa àti ohùn orin wa ti wọnú ara wọn. Ẹ gbé ohùn orin sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, ọkọ̀ á di ọkọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wọkọ̀ lọ sọ́run á wá máa roko. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni Fela Sowande ti kọ́ dùùrù nígbà tó jẹ́ ọmọ kọ́yà níbẹ̀, òun náà ló wá di atẹdùùrù ní Kingsway Hall ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1945 sí 1952. Ẹ wá orin Ọ̀yígíyigì tó kọ fún dùùrù gbọ́. Kò sẹ́nu, kò sí ọ̀rọ̀, síbẹ̀ ẹ ó gbọ́ Yorùbá nínú ẹ̀, torí èémí ló ń jáde níbẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu èèyàn.

Báyìí kíbọ́ọ̀dù la rà, bọ́tìnì kan wà lára ẹ̀ tí wọ́n kọ "organ" sí, ó parí. Awọ ẹwìrì ti gbẹ, eku ti jẹ ìyókù, tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n tún un ṣe, ìgbìmọ̀ á ní kò sówó, oṣù kejì ẹ ó rí sípíkà tuntun mẹ́rin níwájú pẹpẹ.

Oníwàásù wa ńkọ́? Mo ti bá olórí kọ́yà sọ ọ́, ó ní òun á mú wọn gba ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀yìn dùùrù wọlé ní Wẹ́sìdeè. Kí wọ́n má wọ kásọ́ọ̀kì funfun wá ṣá, eruku ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.