Bàbá ń rù nílé nítorí jẹjẹrẹ: ohun tẹ́ ẹ lè ṣe láti òkè òkun

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n wa ní Leeds. Ẹ ní bàbá yín wà ní Ìbàdàn, wọ́n ń gba kẹ́mò nítorí jẹjẹrẹ ikùn, ṣòkòtò ò dúró nídìí wọn mọ́, eegun èjìká ti yọ. Ẹ fẹ́ fi páálí Ensure, ohun mímu aṣaralóore, ránṣẹ́, ẹ sì ń bi wá bóyá kẹ́ ẹ gba ìtọ́jú wọn lọ́wọ́ àbúrò yín obìnrin, torí ó jọ pé kì í fún wọn lóúnjẹ tó. Nọ́ọ̀sì ni mí, Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá àbúrò yín jà. Rírù tí jẹjẹrẹ ń fà yàtọ̀ sí ti ẹni tébi ń pa. Ẹni tébi ń pa, bó bá ti ń rí oúnjẹ jẹ, ara á bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ máa ń mú kí ara tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan nínú wọn á máa mú kí iṣan yọ́. Àwọn mìíràn, bí èyí tí wọ́n ń pè ní GDF-15, á lọ bá ọpọlọ, wọ́n á pa ìfẹ́ oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè máa jẹun kó ṣì máa rù. Jẹjẹrẹ ikùn, ti ọ̀nà ọ̀fun, ti pancreas (ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn ikùn) àti ti ẹ̀dọ̀fóró ni irú rírù yìí ti wọ́pọ̀ jù. Àwọn dókítà ń pè é ní cachexia. Lọ́dún 2011, àwọn ọ̀mọ̀ràn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fẹnu kò pé ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ bá fi ju 5 nínú 100 lọ sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, láìgbààwẹ̀, ti wà nínú rẹ̀. Bí bàbá bá jẹ́ 70 kílò tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti di 66, wọ́n ti kọjá ibẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀ràn yìí tún sọ pé oúnjẹ nìkan ò lè dá gbogbo rẹ̀ padà.

Síbẹ̀, àwọn nǹkan míì máa ń gun orí rẹ̀ tó ṣeé tọ́jú, ibẹ̀ sì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ná owó sí. Ẹ ní kí àbúrò yín fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu wọn: ṣé nǹkan funfun wà lórí ahọ́n, ṣé egbò wà? Ìgbẹ́ ńkọ́, ṣé wọ́n ń rí i yà déédéé, pàápàá bí wọ́n bá ń lo oògùn ìrora líle? Ṣé ìrora ń jẹ́ kí wọ́n sùn? Ṣé oúnjẹ ń korò lẹ́nu? Ṣé inú wọn bàjẹ́ tí wọn ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀? Púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí ló ní ìtọ́jú, àmọ́ bàbá ilé wa kì í fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún dókítà. Bí wọ́n bá ń bì gbogbo ohun tí wọ́n gbé mì, tó fi mọ́ omi, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni. Ọ̀nà lè ti dí nínú.

Kẹ́ ẹ ra síkéèlì kan sílé. Kí wọ́n máa wọn bàbá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Bí ẹsẹ̀ bá wú tàbí tí omi wà nínú ikùn, síkéèlì á máa purọ́, nítorí náà ẹ fi téèpù aránṣọ wọn apá wọn náà. Nínú ìpè fídíò, ẹ ní kí wọ́n dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í, kẹ́ ẹ máa wò ó bóyá ó ń le sí i.

Ní ilé ìwòsàn UCH, ẹ ní kí dókítà kọ wọ́n sí dietitian (onímọ̀ oúnjẹ), físíò (ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú èèyàn) àti àwọn tó ń ṣe palliative care (ìtọ́jú ìdẹ̀rùn) lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń sá fún àwọn ìkẹyìn yìí, wọ́n rò pé ẹni tó ń kú lọ ni wọ́n ń tọ́jú. Irọ́ ni, àwọn ló mọ ọ̀rọ̀ ìrora, èébì àti àìfẹ́jẹun jù. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa bá dókítà sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹbí. Ẹ kọ ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kó tó di ọjọ́ klíníìkì.

Ti oúnjẹ: purotéènì, èròjà tó ń kọ́ iṣan, gíráàmù 1.2 sí 1.5 fún kílò kan lóòjọ́ ló dára, àfi bí kíndìnrín bá ní wàhálà. Fún ẹni 60 kílò, ó tó 72 sí 90. Ẹyin kan ní bíi 6, nítorí náà ẹ rí i pé ọ̀gì lásán ò lè ṣe é. Kí wọ́n po mílíìkì oníyẹ̀fun sínú ọ̀gì, kí wọ́n fi ẹyin àti ẹja sínú mọ́ínmọ́ín, kí wọ́n lọ ẹ̀pà mọ́ ọn. Díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́, kí ti àárọ̀ pọ̀ jù. Ensure dára, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ẹ béèrè iye rẹ̀ ní ilé oògùn gidi n'Íbàdàn kẹ́ ẹ tó sanwó ẹrù, kí wọ́n sì wo nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ má gbà kẹ́nikẹ́ni fipá bọ́ wọn. Ẹni tó ní kí wọ́n má jẹ ẹran tàbí mílíìkì mọ́ nítorí jẹjẹrẹ, ẹ kí i dáadáa, ẹ má tẹ̀ lé e. Ẹni tó fẹ́ gbààwẹ̀ fún wọn, kó fi ikùn ara rẹ̀ gbà á. Bí àgbo bá wà, kí dókítà mọ̀, torí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín.

Dírípù tí gbogbo ẹbí máa ń bẹ̀bẹ̀ fún, ẹ fọwọ́ wọ́nú lórí rẹ̀. Lítà kan dextrose 5% jẹ́ 50 gíráàmù ṣúgà nínú omi. Kò ní purotéènì kankan.

Láìsí ìdárayá, purotéènì yẹn ò ní fi bẹ́ẹ̀ ràn iṣan lọ́wọ́. Kí wọ́n máa dìde kí wọ́n jókòó, kí wọ́n rìn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n gbé ike omi kékeré, bí físíò bá ṣe ní.

Oògùn ńkọ́? Ẹ má fi ohun tẹ́ ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Megestrol máa ń ṣí ọ̀nà oúnjẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rá ló sábà máa ń fi kún ara, ó sì lè mú ẹ̀jẹ̀ dì. Dexamethasone náà ń ṣí i, ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Bó bá pẹ́, òun fúnra rẹ̀ á máa jẹ iṣan. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ béèrè ni olanzapine oníwọ̀n kékeré. Ní Íńdíà, wọ́n fún àwọn tó ń gba kẹ́mò ní 2.5 mílígíráàmù lóòjọ́. Oúnjẹ wọ̀ lẹ́nu, ìwọ̀n sì gòkè ju ti àwọn tí kò lò ó. Lọ́dún 2023 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, ASCO, fi í sínú ìmọ̀ràn wọn. Oògùn ọpọlọ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, nítorí náà ẹ sọ fún ilé kó tó dé, kó má baà di ìròyìn àdúgbò. Anamorelin, oògùn míì fún rírù yìí tí wọ́n ń pariwo, Japan ló fọwọ́ sí i lọ́dún 2021. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tà á fún yín lábẹ́lẹ̀.

Bí ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ bá ti dé, ẹ kọ ọ́ síbí pẹ̀lú orúkọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, ká jọ wò ó kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bààlù wálé.