Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì ló rí nínú ewé ẹ̀gẹ́ yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ewé ẹ̀gẹ́ mi ká kò, àmì yẹ́lò sì kún ara rẹ̀. Ẹnìkan tó ń ta oògùn oko fi máíkírósíkóòpù wò ó, ó ní òun rí fáírọ́ọ̀sì tó ń rìn nínú rẹ̀. Ó ní oògùn tó máa pa á. Èló ni kí n fín sí éékà kan? (Àgbẹ̀, Ìkọ̀lé-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ jẹ́ kí owó yín sinmi lápò ná. Ẹni kẹta lẹ jẹ́ lóṣù yìí tó ń bi mí ní irú èyí, inú sì ti ń bí mi.

Máíkírósíkóòpù lásán tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ríran, bó ti wù kó dára tó, kì í fi ohun tó bá kéré ju nǹkan bí 200 nánómítà hàn yékéyéké. Ẹ gé mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni nánómítà. Fáírọ́ọ̀sì mòsáíkì ẹ̀gẹ́, tó máa ń mú kí ewé ká kò kó sì ní àmì yẹ́lò, ńkọ́? Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 nánómítà lọ, ìdajì méjì tó lẹ̀ mọ́ra bí ìbejì. Kò lẹ́sẹ̀, kò nírù, kì í rìn. Ó jọ pé kúlóróplásì lọkùnrin yẹn rí, ohun róbótó aláwọ̀ ewé tí ewé fi ń se oúnjẹ. Ewé tí ara rẹ̀ le náà ní in.

Àwa tí a wà ní láàbù kì í fojú wá a. Ewé ọ̀dọ́ lórí igi là ń já, a ó lọ̀ ọ́, a ó yọ DNA inú rẹ̀ (ohun tó gbé àbùdá ohun abẹ̀mí),  ẹ̀rọ PCR yóò wá sọ ìwọ̀nba tó bá jẹ́ ti fáírọ́ọ̀sì di púpọ̀, bí ẹni ń ṣe fọ́tókọ́pì. Síbẹ̀, PCR kàn ń sọ pé ó wà níbẹ̀ ni, kò sọ bóyá ó ń bí sí i. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn á fi ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń tú nǹkan ká) jẹ ògiri sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn yàrá kéékèèké tó para pọ̀ di ewé, kúrò, kó ku rọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹyin tí a bó èèpo rẹ̀ (protoplast là ń pè é), á ki DNA fáírọ́ọ̀sì sí i, á sì padà wò ó lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta bóyá tuntun ti jáde. Etí oko kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é.

Kò sí oògùn fífín tó ń wo ẹ̀gẹ́ tó ti kó o. Irinṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ń lò. Igi gbígbìn àti eṣinṣin funfun kéékèèké ló ń gbé e kiri, nítorí náà ẹ má gé igi oko yẹn gbìn, ẹ má sì fún aládùúgbò. Ẹ wá irú tó ń kọ àrùn yìí, bíi TME 419.

Mi ò tíì fojú kan ewé yín o: àìtó sínkì náà lè sọ ewé di yẹ́lò. Tí oníṣòwò yẹn bá padà wá, ẹ já ewé tí ara rẹ̀ le fún un, kó fi máíkírósíkóòpù rẹ̀ wò ó, kí ẹ̀yin náà sì yọjú wò ó.