Ṣé onímọtara-ẹni-nìkan ni orílẹ̀-èdè tí ó gba 91?

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ rèé: ẹnì kan rí i kà pé Amẹ́ríkà gba máàkì 91 lórí òṣùwọ̀n ìdádúró ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí Guatemala sì gba 6 péré, ó wá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí èyí ń sọ ni pé onímọtara-ẹni-nìkan ni àwọn ará Amẹ́ríkà. Rárá o. Ọ̀rọ̀ èébú ni ìmọtara-ẹni-nìkan lédè Yorùbá. Ẹni tí kì í ro ti ọmọnìkejì mọ́ tirẹ̀ ni a máa ń fi bú. Ohun tí òṣùwọ̀n yìí fẹ́ mọ̀ ni bí okùn tí ó so ènìyàn mọ́ agbo rẹ̀ ṣe le tó tàbí dẹ̀ tó ní àwùjọ kan, àti bóyá ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n retí pé kí ó pinnu bí yóò ṣe gbé ayé rẹ̀, tàbí agbo tí wọ́n bí i sí ni yóò bá a pinnu. Ẹni tí ó dá dúró lè lawọ́ gidigidi, ẹni tí ó sì so mọ́ agbo rẹ̀ pinpin lè má fẹ́ rí àlejò sójú.

Ó yẹ kí a mọ ibi tí 91 yìí ti wá. Geert Hofstede, onímọ̀ nípa àṣà àwùjọ tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ni ó ṣe àtúpalẹ̀ ìdáhùn tí wọ́n gbà lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ IBM, iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá ti Amẹ́ríkà, kárí ayé láàrin ọdún 1967 sí 1973, ìwé ìbéèrè tí wọ́n kó jọ sì lé ní 100,000. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń bá ṣiṣẹ́. Bí a bá wá fi àwọn tí iṣẹ́ wọn jọra wéra, ìyàtọ̀ tí ó bá ṣẹ́ kù nínú ìdáhùn wọn ṣeé kà sí ti ilẹ̀ tí wọ́n ti wá. Ní 1980 ó gbé ìwé jáde tí ó fi to orílẹ̀-èdè 40 sórí òṣùwọ̀n mẹ́rin: bí àwọn tí wọ́n wà nísàlẹ̀ ṣe gbà tó pé agbára kò ní dọ́gba, ìdádúró ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí ohun tí kò dáni lójú ṣe ń kó àwùjọ láyà sókè tó, àti bóyá ìdíje ni wọ́n ń gbé ga ju ìtọ́jú ọmọnìkejì lọ. Òṣùwọ̀n méjì mìíràn kún un lẹ́yìn náà.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n béèrè gan-an. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ sọ bí nǹkan 14 ṣe ṣe pàtàkì tó lójú rẹ̀ nínú iṣẹ́ tí ìbá wù ú jù. Mẹ́ta nínú wọn ń fa máàkì lọ sí ìhà ìdádúró: kí iṣẹ́ fi àkókò sílẹ̀ fún un láti gbọ́ ti ara rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀, kí ó ní òmìnira láti ṣe iṣẹ́ náà bí ó ti rí lójú tirẹ̀, kí iṣẹ́ náà sì gba làákàyè tó bẹ́ẹ̀ tí inú rẹ̀ yóò fi dùn nígbà tí ó bá ṣe é yọrí. Mẹ́ta mìíràn ń fà á sí ìhà kejì: àǹfààní láti kọ́ṣẹ́ sí i, ibi iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dára, àti àǹfààní láti lo gbogbo ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ tún un kà. Kò sí òbí níbẹ̀, kò sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, kò sí aládùúgbò. Kódà, ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ àkókò sí i fún ìdílé òun, ìhà ìdádúró ni ó ń ti orílẹ̀-èdè rẹ̀ sí! Àlàyé Hofstede ni pé mẹ́ta àkọ́kọ́ ń fi hàn pé òṣìṣẹ́ kò gbára lé iléeṣẹ́, nígbà tí mẹ́ta kejì jẹ́ ohun tí iléeṣẹ́ ń ṣe fún un. Àlàyé náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán, nítorí máàkì tí ó ti ibẹ̀ jáde ń bá àwọn nǹkan mìíràn tí a mọ̀ nípa àwọn orílẹ̀-èdè náà rìn, pàápàá jù lọ bí wọ́n ṣe lówó tó. Ṣùgbọ́n láti orí ìbéèrè mẹ́fà nípa iṣẹ́ dé orí pé àwọn ènìyàn kan kò mọ ẹbí, ọ̀nà náà jìn.

Àṣìṣe mìíràn, èyí tí mo máa ń bá pàdé jù, ni kí wọ́n ka 91 bí ẹni pé nínú ènìyàn 100, 91 ni ó dá dúró. Lórí òṣùwọ̀n agbára, Malaysia gba 104. Lórí ti àìdánilójú, Gíríìsì gba 112. Kò sí bí ènìyàn 112 yóò ṣe jáde nínú 100. Ohun tí máàkì wà fún ni kí a lè gbé orílẹ̀-èdè kan sí ẹ̀gbẹ́ òmíràn. Bí ó bá dá wà, kò wí nǹkan kan. Kò sì ṣeé gbé lé ẹnì kan ṣoṣo lórí, ìkìlọ̀ tí Hofstede fúnra rẹ̀ ṣe léraléra. Ìka kò dọ́gba nínú orílẹ̀-èdè kankan, Hofstede pàápàá sì ní ibi tí ó ti dà wọ́n pọ̀: nígbà tí ó fi ilẹ̀ kún ti àkọ́kọ́, Nàìjíríà, Gánà àti Sierra Leone jọ gba máàkì kan ṣoṣo lábẹ́ orúkọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Lójú tèmi, Shalom Schwartz, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ló dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa jù. Ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni ó lọ. Ó kó oríṣiríṣi ohun tí ènìyàn lè kà sí iyebíye síwájú wọn, ó ní kí wọ́n fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń tọ́ wọn sọ́nà nínú ayé wọn, láti 7 fún èyí tí ó ga jù lọ dé -1 fún èyí tí ó lòdì sí ìgbàgbọ́ wọn. Kí ó tó fi orílẹ̀-èdè wéra, ó kọ́kọ́ yọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn kò dúró sójú kan láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ó pín ìdádúró sí méjì, ti èrò àti ti ìgbádùn, ó sì gbé ìkanisí ire ọmọnìkejì sórí ìlà ọ̀tọ̀, níbi tí ó ti dojú kọ ìgbàgbọ́ pé ipò ènìyàn kò gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ohun tí ó rí ni pé ìkanisí yìí àti ìdádúró èrò sábà máa ń rìn pọ̀: ní Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù, àwọn méjèèjì ló ga. Ìmọtara-ẹni-nìkan kò bá èyí mu rárá.

Ronald Inglehart, onímọ̀ nípa ètò ìṣèlú tí ó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀ tẹjú mọ́ ìyípadà. Ìwádìí rẹ̀ lórí ohun tí aráyé kà sí pàtàkì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1981 tí wọ́n sì ń tún ṣe láti ìgbà dé ìgbà, dúró lórí èrò pé ìgbà èwe ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń fìdí múlẹ̀ nínú ènìyàn. Àwọn tí wọ́n dàgbà nínú ìfọ̀kànbalẹ̀ kò ní fi ọkàn sí ohun kan náà pẹ̀lú àwọn òbí wọn tí ó dàgbà nínú àìní, àwùjọ sì ń yí díẹ̀díẹ̀ bí ìran kan ti ń kọjá tí òmíràn ń gba ipò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ IBM tí ó jẹ́ ọmọ 30 ọdún nígbà tí ó dáhùn ìbéèrè ní 1967 ti lé ní 80 ọdún báyìí, bí ó bá ṣì wà láyé.