Èsì: Ṣé Frodo orí rédíò ló di Bilbo inú fíìmù?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ohùn Frodo, ẹni tó ń gbé òrùka idán kiri nínú ìtàn The Lord of the Rings, nínú eré rédíò BBC jọ ti Bilbo, ìbátan rẹ̀ àgbàlagbà tó ni òrùka náà tẹ́lẹ̀, nínú fíìmù ìtàn náà. Etí yín ò tàn yín: Ian Holm ló ṣe méjèèjì. Lọ́dún 1981 ló ṣe Frodo lórí rédíò, eré alápá 26. Nígbà tó fi di 2001, ó ti dàgbà tó ẹni tí í ṣe Bilbo. Ẹ tún ibi tí Bilbo ti rí òrùka náà lọ́rùn Frodo ní Rivendell, níbi tó ń gbé lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, wò nínú fíìmù náà. Ojú rẹ̀ yí bìrí, ó nawọ́ gán-án! Àyà mi ṣì máa ń já níbẹ̀.

Ní ti Tom Bombadil tẹ́ ẹ ń wá, ẹni àràmàǹdà inú igbó nínú ìwé náà, rédíò 1981 yọ ọ́, fíìmù náà yọ ọ́. Ó dùn mí gan-an, torí nínú ìwé, ó ki òrùka yẹn bọ ìka, kò tu irun kankan lára rẹ̀. Ẹ wo apá kejì The Rings of Power, eré tẹlifíṣọ̀n, tó jáde ní 2024, Rory Kinnear ló ṣe é níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ Gollum, ẹ̀dá tí òrùka náà ti bà jẹ́, lórí rédíò ná. Peter Woodthorpe ni, òun náà ló sọ ọ́ nínú fíìmù kàtúùnù The Lord of the Rings ti 1978.