Ẹ Gbẹ́ Ẹ, Ẹ Má Já A: Ìbéèrè Yín Lórí Olú

Òjò dé, lẹ́tà olú náà dé. Mo mú mẹ́rin nínú ẹ̀, àwọn tó kù jọ wọ́n náà ni.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà. Ọ̀gán kan wà lóko bàbá mi, tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa báyìí olú ńláńlá á hù yí i ká, àmọ́ àwọn wẹ́wẹ́ kan tún máa ń hù nítòsí ẹ̀, wọ́n á funfun bálẹ̀ bí ìgbà tí gúgúrú dà nù. Ìyàwó mi ní ọmọ àwọn ńlá ni wọ́n, ká fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n dàgbà. Èmi ò gbà. Ta ló jàre nínú wa?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin lẹ jàre, àmọ́ ẹ má fi yan ìyàwó yín lójú o, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò jìnnà sóòótọ́. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, wọn kì í kàn ṣe ìyá àtọmọ ni. Termitomyces lorúkọ ìdílé wọn lọ́dọ̀ àwọn onísáyẹ́ǹsì, Roger Heim, ará Faransé kan, ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ ní 1942. Àwọn wẹ́wẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní Termitomyces microcarpus, ibi tí wọ́n ń dàgbà dé náà lẹ rí yẹn, orí ẹ̀ ò sábà ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, bẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ dúró dè é kó tóbi, á kàn jẹrà mọ́ yín lójú ni. Èyí tó tóbi jù nínú ìdílé yẹn, Zambia ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n dáadáa, orí ẹ̀ lè fẹ̀ tó mítà 1, ẹ ò rí i pé agboòrùn nìyẹn!

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ wọn, ẹ gbẹ́ olú, ẹ má já a. Ẹ fi igi ṣónṣó tọ ìdí ọ̀kan nínú àwọn ńlá yẹn lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ẹ máa rí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ò parí síbi ilẹ̀, ńṣe ló ń lọ sísàlẹ̀ bíi gbòǹgbò, ó ń tín-ín-rín lọ, títí tó fi wọ ilé ikán, níbi tí nǹkan kan wà tó rí wúruwùru bíi kànìnkànìn gbígbẹ. Oko àwọn ikán nìyẹn. Ikán ń kó igi àti ewé gbígbẹ wálé lóòótọ́, àmọ́ agbára ikùn ẹ̀ nìkan ò ká a, olú yẹn ló máa bá a jẹ ẹ́ kó rọ̀, ikán á wá jẹ ẹ́ padà. Ó ti tó mílíọ̀nù 30 ọdún tí wọ́n ti ń bá ara wọn ṣe é bọ̀, ilẹ̀ Áfíríkà níbí ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún fọwọ́ kan àárín orí olú ńlá yẹn, ẹ máa rí ṣónṣó kan tó le níbẹ̀, òun ló fi ń gún ilẹ̀ jáde.

Àwọn wẹ́wẹ́ ò ní gbòǹgbò yẹn ní tiwọn. Ikán fúnra ẹ̀ ló ń bu lára oko yẹn tó ń kó o síta, tó ń tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń hù. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè rí wọn níbi tó jìnnà díẹ̀ sí ọ̀gán, tí wọ́n tẹ́ bí ẹní. Àwọn wẹ́wẹ́ yìí lèmi fẹ́ràn jù o, àmọ́ iyanrìn inú ẹ̀, háà! Ìyá ìyá mi máa ń ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́fà, tá a bá débi ọbẹ̀, eyín á ṣì máa dún ni.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sílé tuntun kan n'Ìbàdàn, wọ́n gbin koríko síwájú ẹ̀ dáadáa. Láti ìjẹta ni olú funfun tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun ti ń hù níbẹ̀. Bàbá tó ń bá wa gé koríko ní olú ọ̀gán ni, kí n máa sè é. Mo ti já mẹ́ta sínú fíríìjì, ọkàn mi ò kàn balẹ̀ ni. Màmá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ẹ má sè é o, màmá, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí ọ̀gán níwájú ilé yín, ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́kọ́ fu bàbá yẹn lára. Èyí tó jọ mí lójú, Chlorophyllum molybdites ni, òun ló máa ń hù lórí koríko gígé àti fíìdì bọ́ọ̀lù, nígbà míì wọ́n á tò rìbìtì bí ẹni ń ṣeré òṣùpá. Èmi tí mò ń sọ yìí ti jẹ ẹ́ rí, ní ilé ìwé kan tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, kò tó wákàtí 3 tí mo fi di ará ilé ìyàgbẹ́, mò ń bì lókè mò ń yàgbẹ́ nísàlẹ̀, omi ni wọ́n fà sí mi lára tójú mi fi wálẹ̀. Kì í sábà pa àgbàlagbà, àmọ́ ọmọdé ò lè gba irú ẹ̀ mọ́ra, ẹ sì ní ìbejì nílé.

Ẹ padà síbẹ̀ kẹ́ ẹ gbẹ́ ọ̀kan. Ẹsẹ̀ ẹ̀ á parí sínú ilẹ̀ níbẹ̀ náà ni, ìdí ẹ̀ á wú díẹ̀ bí àlùbọ́sà, kò ní sí gbòǹgbò kankan. Èépá aláwọ̀ ilẹ̀ á wà káàkiri orí ẹ̀. Ó ní nǹkan kan lọ́rùn bí òrùka tó ṣeé tì sókè sódò, àmọ́ ẹ má fi ìyẹn nìkan dájọ́, torí àwọn olú ọ̀gán kan náà ní òrùka. Èyí tó máa tú àṣírí ẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ gé orí ọ̀kan tó ti là dáadáa, kẹ́ ẹ da abẹ́ ẹ̀ bo pépà funfun, kẹ́ ẹ fi abọ́ dé e mọ́jú. Láàárọ̀, tẹ́ ẹ bá ṣí i, àtíkè á ti dà sórí pépà yẹn ní ìlà ìlà. Ti olú ọ̀gán á pupa rẹ́súrẹ́sú. Ti eléyìí, àwọ̀ ewé ni, ewé tó ti ń gbẹ. Kó tó là, abẹ́ ẹ̀ funfun báláú bíi tàwọn tó ṣeé jẹ, ibẹ̀ gan-an ló ti ń mú èèyàn.

Ẹ sì má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé tí ìgbín bá ti jẹ ẹ́, èèyàn lè jẹ ẹ́, tàbí pé kẹ́ ẹ fi ṣíbí fàdákà sè é pé kò ní dúdú. Irọ́ ni jàre. Ikùn ìgbín kọ́ ni ikùn èèyàn.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, Kent ní Ìlú Ọba ni mò ń gbé. Mo rí olú lábẹ́ igi oak, ìdí ẹ̀ wà nínú àpò bí ẹyin tí wọ́n fọ́ láàbọ̀, ó jọ èyí tá a máa ń ṣà lẹ́yìn ẹbu ìyá mi gẹ́lẹ́. Ṣé mo lè jẹ ẹ́?

Ìdáhùn: Àbúrò, fi sílẹ̀. Tó o bá ti jẹ ẹ́, má ka èyí tán, gba A&E, ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ní ọsibítù, lọ báyìí, kó o mú èyí tó ṣẹ́kù dání.

Èyí tó wà lẹ́yìn ẹbu, Volvariella ni, ohun tó ti jẹrà ló ń jẹ, bíi ìdí ẹyìn àti pàǹtírí epo, kò bá igi tútù kankan ṣe. Èyí tó o rí yẹn, Amanita phalloides ló jọ, gbòǹgbò igi oak tàbí beech tó wà láàyè ló máa ń so mọ́. Àwọn méjèèjì ló ń jáde látinú àpò, tí wọ́n bá sì ṣì wà nínú ẹyin, ojú lásán ò lè yà wọ́n. Tó bá là tán, Volvariella ò ní òrùka lọ́rùn, abẹ́ ẹ̀ á pupa rẹ́súrẹ́sú, ìkejì ní òrùka, abẹ́ ẹ̀ funfun, àtíkè ẹ̀ náà funfun. Àwọn ará Éṣíà tó kó lọ sí Amẹ́ríkà ti ṣe irú àṣìṣe tó o fẹ́ ṣe yìí, ó sì ti pa lára wọn. Sísè ò lè pa májèlé inú ẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ó lè tó wákàtí 6 sí 24 kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run ẹ, á wá fi ẹ́ sílẹ̀ bí ọjọ́ kan, wà á rò pé ó ti tán, àṣé ẹ̀dọ̀ ló wà tó ń bà á jẹ́. Ẹ rántí oúnjẹ ọ̀sán kan ní Ọsirélíà ní 2023, tí olú yìí kan náà wà nínú ẹ̀, àlejò 4 ló jẹ ẹ́, 3 kú.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè gbin olú ọ̀gán tà bíi àwọn tó ń gbin olú sínú náílọ́ọ̀nù?

Ìdáhùn: Àwọn yẹn, Pleurotus ni wọ́n ń gbin, ìyẹ̀fun igi tó ń bọ́ lẹ́nu ayùn ti tó o ní tiẹ̀. Olú ọ̀gán ò ní hù fún yín láìsí ikán, iye ọ̀gán tó bá sì wà nílẹ̀ yín niye oko yín. Nítorí náà kí wọ́n má wó èyí tó wà níbẹ̀ torí àtikọ́ búkà o.