Orin wo ló yẹ ẹgbẹ́ afọnfèrè àwọn ọmọdé?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní fèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè-Fìà, nílùú Òṣogbo. Ọmọ 22 ni wọ́n, láti ọdún 10 sí 15. Trumpet 7, clarinet 3, alto saxophone 2, trombone 3, euphonium 1 (fèrè ńlá olóhùn ìsàlẹ̀), sousaphone 1 (èyí tí ohùn rẹ̀ tún lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ). Àwọn 5 tó kù ń lu ìlù. Kò sí ẹni tó ti fọn fèrè ju ọdún kan ààbọ̀ lọ nínú wọn. Mo rí Suite (àkójọ orin kéékèèké) àkọ́kọ́ tí Gustav Holst, akọ̀wé-orin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ fún báńdì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orin náà wù mí gan-an, mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Oṣù mẹ́ta rèé tí a ti ń bá a yí, a ò tíì kọjá ojú ewé kejì. Ọmọ méjì tó ń fọn trumpet ti ní àwọn ò ṣe mọ́. Alẹ́ orin Kérésì wa ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Irú orin wo ni kí n mú fún wọn, báwo ni kí n sì ṣe kọ́ wọn?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Kí n tó sọ̀rọ̀ orin rárá, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ sílé àwọn ọmọ méjì tó ní àwọn ò ṣe mọ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ sọ fún wọn lójú òbí wọn pé orin tí ẹ gbé fún wọn ló ju ọjọ́ orí wọn lọ, pé wọn ò ṣe ohun tó burú. Ọmọ ọdún 12 kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín "orin yìí le" àti "èmi ò wúlò". Àgbà ló gbọ́dọ̀ là á yé e.

Orin Holst yẹn dára, mi ò ní bá yín jiyàn. Ọdún 1909 ló kọ ọ́ fún báńdì ológun, ìyẹn àwọn àgbàlagbà tó jẹ́ pé fèrè fífọn niṣẹ́ òòjọ́ wọn. Àwọn tó ń tẹ ìwé orin báńdì máa ń fi nọ́ńbà sí i láti 1 dé 6 kí olùkọ́ lè mọ bó ṣe le tó: 1 fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, 6 fún ọ̀jáfáfá. Ipele 4 tàbí 5 ni wọ́n sábà máa ń fi orin yìí sí, àwọn ọmọ yín ò sì tíì kúrò ní ipele 1. Ìwé fásitì lẹ gbé fún ọmọ tó ń kọ́ a-b-d.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ nù. Holst ti kú láti 1934, òfin wa sì ń dáàbò bo orin fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Bó bá ti jẹ́ ẹ̀dà àtijọ́ lẹ ní lọ́wọ́, ẹ lè dà á kọ bó ṣe wù yín. Báà (ìpín kéékèèké tí wọ́n fi ìlà pín orin sí) 8 àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ mú níbẹ̀. Tuba àti euphonium ló ń fọn ọ́n, jẹ́jẹ́, nóòtì gígùn-gígùn, orí rẹ̀ sì ni gbogbo apá àkọ́kọ́ orin náà dúró lé. Ẹ da báà 8 yẹn kọ fún gbogbo fèrè. Ibi tó bá ga jù fún ọmọ kan, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ fún un. Kí gbogbo wọn máa fọn ọ́n pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbáradì, bí ẹni ń na ara láàárọ̀. Tí wọ́n bá di ọmọ ọdún 17 tí wọ́n pàdé orin náà lódindi, wọ́n á kí i bí ẹni kí ojúlùmọ̀.

Ohun tí mo fi ń yan orin kò ju ọ̀kan lọ: ọmọ tó jókòó sẹ́yìn pátápátá ni mo máa ń wò. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ọmọ tó mọ̀ ọ́n fọn jù là ń fi ṣe òṣùwọ̀n, torí òun ló ń mú inú wa dùn. Èmi náà ti ṣe é rí. Mo mú máàṣì kan tó ga fún ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé kan tí mò ń kọ́ nígbà náà, nítorí ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ètè rẹ̀ le bíi ti àgbà. Lọ́jọ́ ìkórè, ọmọ yẹn fọn tiẹ̀ dé òpin. Ètè àwọn yòókù ti kú ní ojú ewé kejì, wọ́n gbé fèrè lé itan, ìlù nìkan ló ń bá ọ̀rẹ́ wọn lọ. Mo rí ojú ìyá ọ̀kan nínú wọn láàárín èrò, ojú yẹn ò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbé orin tuntun dé, ẹni tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ lè fọn tó ìdajì rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, orin náà á padà sínú àpótí títí di ọdún mìíràn.

Ara ọmọ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kà kí ẹ tó ka ìwé orin. Lórí trumpet, ètè ni gbogbo nǹkan wà, iṣan ètè ọmọdé sì máa ń rẹ̀ kíákíá. Fún ẹni tó ti fọn ọ́n fún bí ọdún kan, láti C ìsàlẹ̀ dé C òkè ti tó, ẹ lè fi D kún un fún àwọn tó lágbára. Bí ẹ bá rí G tó jókòó sórí òkè ìlà márààrún tí wọ́n ń kọ orin sí, ẹ sá fún orin náà. Ẹ tún wò ó bóyá ibi ìsinmi wà nínú rẹ̀, torí báà 16 láìgbé fèrè kúrò lẹ́nu ti pọ̀ jù. Ọmọ tó bá ń tẹ fèrè mọ́ ètè títí tó fi pọ́n, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń wú, ń sọ fún yín pé orin yìí ga ju òun lọ, bí kò tilẹ̀ la ẹnu sọ ọ́.

Lórí trombone, ọwọ́ ni. Ibi 7 ni wọ́n ń fà á dé, ibi keje sì jìnnà débi pé apá ọmọ ọdún 10 kì í tó o. Kódà C tó wà nínú nóòtì márùn-ún tí gbogbo báńdì fi ń bẹ̀rẹ̀, ibi kẹfà ló wà. Ẹ fún ọmọ tí apá rẹ̀ gùn ní trombone, kí èyí tó kéré jù lọ sórí euphonium tó jẹ́ pé ìka ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Clarinet ní tiẹ̀ ní afárá kan láàárín A àti B: ọmọ á kúrò níbi tí ihò fèrè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí sílẹ̀ tán, á bọ́ síbi tí gbogbo wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo orin ọdún yìí dúró sí ìsàlẹ̀ afárá yẹn.

Kíì (ohùn tí dò orin wà) B flat, E flat àti F ni kí ẹ máa wá. Nínú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ óò rí D, G àti A púpọ̀, torí ohùn èèyàn àti dùùrù ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Níbí ni sol-fa ti máa gbà yín. Bí ẹ bá ní kí gbogbo báńdì fọn B flat, trumpet àti clarinet á rí C lójú ìwé tiwọn, alto saxophone á rí G, trombone á rí B flat gan-an. Orúkọ mẹ́ta fún ohùn kan ṣoṣo. Ọmọ wo ni kò ní dàrú? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní "dò", tí oníkálùkù ti mọ ìka tó ń gbé dò tiẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ tán. Ìyá wọn nínú akọrin, sol-fa ni wọ́n fi ń kọ́ orin. Àwọn ọmọ fúnra wọn sì ti bá dò-re-mí pàdé ní kíláàsì Yorùbá, níbi tí wọ́n ti fi kọ́ wọn ní àmì ohùn: dò fún ìsàlẹ̀, re fún àárín, mí fún òkè. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ lẹ óò kọ́lé lé. Ẹ má kàn fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ o. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ fi ìlà márùn-ún hàn wọ́n, orin kan náà tí ẹnu wọn ti mọ̀, kí ojú wọn wá mọ̀ ọ́n.

Fún oṣù Kejìlá, orin mẹ́rin ti tó, kí gbogbo rẹ̀ má sì ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Kí méjì jẹ́ orin ìyìn Kérésì tí ìjọ mọ̀ dáadáa. Kí ọ̀kan jẹ́ orin Yorùbá, orin eré òṣùpá tàbí orin ìbílẹ̀ ìjọ tiyín. Kí ọ̀kan tó kù jẹ́ orin ipele 1 láti òkè òkun tí wọn ò gbọ́ rí, kí wọ́n lè fi kọ́ ìwé kíkà, torí ọmọ tó jẹ́ orin tó ti mọ̀ lórí nìkan ló ń fọn, etí rẹ̀ ló ń lò, ojú rẹ̀ ń sùn.

Lórí orin Yorùbá yẹn, ẹ fara balẹ̀. Fèrè ò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n etí ará Òṣogbo ń wá ọ̀rọ̀ nínú ohùn, bó ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu gángan. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 títí di 1962, ṣe wàhálà púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé ohùn orin gbọ́dọ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn. Bí orin bá dúró sójú kan níbi tí "owó" ti yẹ kó gòkè, "òwò" ni etí á gbọ́. Nítorí náà ẹ má fi ọ̀ṣọ́ kankan sára ohùn àkọ́kọ́, ìyẹn ohùn tó gbé orin náà, ẹ má sì jẹ́ kí trumpet kejì gun orí rẹ̀. Bí gbogbo fèrè bá fọn ohùn kan náà, àwọn kan lókè, àwọn kan nísàlẹ̀, ó ti dùn tó. Mo tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ jù.

Àwọn 5 tó ń lu ìlù, ẹ má sọ wọ́n di aago ara ògiri. Ìwé ipele 1 láti Amẹ́ríkà, ìlù mẹ́rin-mẹ́rin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọ tó dàgbà sí Òṣogbo, tó ti tẹ̀lé ìyá rẹ̀ dé òde ìkómọ, ti ní agogo kónkóló lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní 12/8, ó lè dẹ́rù ba olùkọ́ pàápàá. Ẹ fi agogo lé ọmọ náà lọ́wọ́, á ti lù ú kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán. Kí ó lù ú, kí àwọn afọnfèrè pàtẹ́wọ́ sí i, ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ wá kọ ọ́ sójú pátákó.

Orin ìyìn, bí mo ṣe máa pín in fún ẹgbẹ́ yín nìyí: ohùn àkọ́kọ́ fún trumpet 3 àti clarinet, kó má kọjá D lójú ìwé trumpet (ibi tó bá ti kọjá afárá, kí clarinet fọn ọ́n nísàlẹ̀), ohùn kejì fún trumpet 4 àti saxophone, ohùn kẹta fún trombone, ìsàlẹ̀ fún euphonium, kí sousaphone máa bá a lọ nísàlẹ̀ sí i. Ẹ fi ọmọ kan tó dára gan-an sáàárín àwọn trumpet kejì, kí wọ́n má bàa rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kó aláìmọ̀ sí. Trumpet 7 sí euphonium 1 kò dọ́gba rárá. Òfin tí mo fi lélẹ̀ fún àwọn tèmi ni pé ẹni tí kò bá gbọ́ euphonium mọ́ ti ń pariwo.

Kí wọ́n kọ gbogbo orin lẹ́nu kí wọ́n tó fọn ọ́n. Lórí trumpet, bí ọmọ ò bá tẹ nǹkankan, C wà níbẹ̀, G wà níbẹ̀, C òkè náà wà níbẹ̀. Ìka ò lè yan ọ̀kan nínú wọn, etí ló ń yàn án. Ohun tí ọmọ ò bá lè fẹnu kọ, wíwá kiri ni ètè rẹ̀ á máa wá a. Ìgbà méjì lọ́sẹ̀, wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ti tó. Kí ìsinmi wà láàárín. Ẹ má sì máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ orin nígbà gbogbo. Ẹ kọ́ báà 8 tó kẹ́yìn ná, kí ẹ wá kọ́ 8 tó ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé òkè. Nígbà tí wọ́n bá wá ń fọn ọ́n lódindi, bí ètè ṣe ń rẹ̀ wọ́n ni wọ́n ń sún mọ́ ibi tí wọ́n mọ̀ jù.

Ọyẹ́ á ti dé nígbà náà. Ètè á máa là: kí wọ́n fi òrí pa á lálẹ́, kí wọ́n nù ún kúrò kí wọ́n tó fọn fèrè. Reed clarinet, ìyẹn pẹlẹbẹ tó wà lẹ́nu rẹ̀, á máa gbẹ, ẹ ní mẹ́ta-mẹ́ta nípamọ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Òtútù máa ń fa ohùn fèrè sílẹ̀, ooru sì máa ń gbé e sókè, torí náà kí wọ́n fẹ́ èémí gbígbóná sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó mú ohùn wọn dọ́gba, kí ẹ tún mú un dọ́gba lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti kún.

Bí ẹ bá ti yan orin mẹ́rin náà, ẹ fi orúkọ wọn àti kíì tí ẹ gbé wọn sí ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó pín in fún àwọn ọmọ. Ẹ sọ bí ọmọ tó kéré jù lórí trombone ṣe ga tó fún mi pẹ̀lú.